Alfonso Caso àti Àrokò Ara Ìkòkò Alére Àwọn Zapotec

Ìfáárà

Àrokò kì í fọhùn sí etí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe dì í. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn ìkòkò amọ̀ tí àwọn Zapotec, ará àfonífojì Oaxaca ní gúúsù orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, mọ ní àwòrán ènìyàn, tí wọ́n sì tẹ́ sí ibojì àwọn òkú wọn ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ sẹ́yìn. Ère ni ó wà níwájú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ère náà yóò ká ẹsẹ̀ jọ ní ìjókòó, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò dé adé gàgàrà, yóò fi yẹtí ńláńlá sí etí, yóò sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹ̀yìn ère yìí ni ìkòkò gan-an fara pamọ́ sí. Ó rí gbọọrọ, ó sì ní ihò nínú. Lára adé tàbí ní àyà ère ni wọ́n máa ń ya àmì sí.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ìkòkò wọ̀nyí ti dé inú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn ń wò wọ́n fún ẹwà wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè sọ nípa àwọn àmì ara wọn. Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ tí ó dúró ṣinṣin lélẹ̀ fún kíkà wọn ni Alfonso Caso. Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé: bí ó ṣe kọ́ ayé láti ka àrokò Zapotec, àti bí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là ṣe di ọ̀nà tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbà láti tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1896 ni wọ́n bí Alfonso Caso ní Ìlú Mẹ́síkò, tí ó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Ilé ọmọwé ni ó ti jáde. Antonio Caso, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Mẹ́síkò ní àsìkò tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Alfonso nígbà tí ogun ìyípadà bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ní ọdún 1910. Ogun náà ni ó gba gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè kan ka iwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: irú orílẹ̀-èdè wo ni Mẹ́síkò yóò jẹ́, àwọn wo ni yóò sì pè ní baba ńlá rẹ̀?

Ní yunifásítì, Caso wà lára àwọn ọ̀dọ́ méje kan tí ìmọ̀ wọn jinlẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn sọ wọ́n ní Ọlọ́gbọ́n Méje. Manuel Gómez Morín àti Vicente Lombardo Toledano, tí àwọn méjèèjì padà di gbajúgbajà nínú ìṣèlú, wà nínú ẹgbẹ́ náà. María Lombardo Toledano, arábìnrin Vicente, ni Caso fi ṣe aya, obìnrin náà sì di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá ìwalẹ̀.

Ìmọ̀ òfin ni Caso kọ́kọ́ kà. Ó gba oyè agbẹjọ́rò ní ọdún 1919, ó sì ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Àbẹ̀wò kan sí Xochicalco, àwókù ìlú àtijọ́ kan tí ó kún fún òkúta gbígbẹ́, ni ó yí ọkàn rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ awalẹ̀pìtàn, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa wíwa ilẹ̀ láti fi ohun tí ó wà níbẹ̀ mọ ìtàn àwọn ará àtijọ́. Ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ Hermann Beyer, ọmọ Jámánì kan tí ó ń kọ́ni ní Mẹ́síkò nípa àmì àti kàlẹ́ńdà àwọn ará ìṣáájú. Síbẹ̀, Caso kò sọ ìmọ̀ òfin nù. Ó mọ̀ pé ẹ̀rí ni ó ń dá ẹjọ́, kì í ṣe ariwo. Ìwà yìí hàn nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Kíka Àmì Ara Òkúta

Kí Caso tó fi ọwọ́ kan ìkòkò alére, ara òkúta ni ó ti kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ àmì. Monte Albán ni orúkọ tí a ń pe ìlú àtijọ́ àwọn Zapotec tí ó wà lórí òkè, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Oaxaca ti òde òní. Nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì jẹ́ olórí ìlú ní àfonífojì náà fún ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún. Ọ̀pọ̀ òkúta gbígbẹ́ tí àmì wà lára wọn ni ó wà ní àyíká gbàgede ńlá ìlú náà.

Ní ọdún 1928, Caso tẹ ìwé kan jáde ní èdè Sípéènì lórí àwọn òkúta yìí, èyí tí ó pè ní *Las estelas zapotecas*. Ohun tí ó ṣe nínú ìwé náà kò ní idán nínú. Ó kó àwọn àmì jọ, ó tò wọ́n sí ẹgbẹ́ ara wọn, ó wo èyí tí ó ń wá léraléra àti ohun tí ó máa ń bá a rìn. Ó fi hàn pé ìlà gbọọrọ kan dúró fún márùn-ún, tí àmì róbótó kan sì dúró fún ẹyọ kan. Nítorí náà, ìlà méjì pẹ̀lú àmì róbótó mẹ́ta jẹ́ 13. Ó tún fi hàn pé àmì tí ó máa ń bá àwọn òǹkà yìí rìn jẹ́ orúkọ ọjọ́, ó sì dá àmì tí wọ́n fi ń sàmì sí ọdún mọ̀.

Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ ni àwọn ìwé tí Juan de Córdova, àlùfáà ọmọ Sípéènì kan, kọ lórí èdè Zapotec, tí wọ́n sì jáde ní ọdún 1578. Àlùfáà náà ṣàlàyé pé àwọn Zapotec ní kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ 260 kan tí wọ́n ń pè ní *piye*. Orúkọ ọjọ́ 20 ni ó wà níbẹ̀. Òǹkà láti 1 dé 13 a sì máa bá wọn yí po títí 260 yóò fi pé. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ sí nínú kàlẹ́ńdà yìí ni ó ń fún un ní orúkọ. Ọmọ kan lè jẹ́ 8 Àgbọ̀nrín, òmíràn lè jẹ́ 13 Ejò. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, nítorí pé ọmọ gbé e wá sáyé ni. Kò sí òbí tí ó ń yàn án.

Nígbà tí Caso bá dé ibi àmì tí kò rí ìtumọ̀ rẹ̀, kò fi àbá bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi lẹ́tà ábídí sàmì sí i: Àmì A, Àmì B, Àmì C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, àwọn lẹ́tà yẹn ni àwọn onímọ̀ ń lò. Ìwà olùkọ́ rere nìyẹn. Bí ó bá mọ nǹkan, a sọ ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibojì Keje

Ní ọdún 1931 ni Caso bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní Monte Albán. Kò tíì pé ọdún kan tí ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fi gba gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1932, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣí òkúta kan kúrò lórí ibojì tí wọ́n ti fún ní òǹkà keje. Ọ̀nà náà há. Juan Valenzuela, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ wọlé, kí Caso tó tẹ̀ lé e. Wúrà àti fàdákà ni wọ́n bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ife tí wọ́n fi òkúta mímọ́ gaara bíi dígí gbẹ́, agbárí tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ òkúta olówó iyebíye lẹ̀ yí ká, àti eegun ẹranko tí wọ́n fín àmì kàlẹ́ńdà sí lára. Àwọn Zapotec ni ó kọ́ ibojì náà, ṣùgbọ́n Caso fi àwọn àmì náà àti irú iṣẹ́ ọnà tí ó wà lára àwọn ohun èlò náà mọ̀ pé àwọn Mixtec, aládùúgbò àwọn Zapotec, ni ó tún un lò lẹ́yìn náà fún òkú tiwọn.

Ohun rere kì í ṣàì fa awuyewuye. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Oaxaca bẹ̀rẹ̀ sí í du ìṣúra náà títí ẹjọ́ fi dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Mẹ́síkò, ìpínlẹ̀ Oaxaca ni wọ́n sì dá láre. Nítorí ìdájọ́ náà ni ìṣúra Ibojì Keje fi wà ní ìlú Oaxaca lónìí, nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Santo Domingo, nítòsí òkè tí wọ́n ti wú u jáde.

Òkìkí wúrà yìí ì bá ti tó ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Caso kò jẹ́ kí ó fa òun kúrò lórí iṣẹ́. Ó padà sí Monte Albán léraléra, títí iye ìgbà tí wọ́n wa ilẹ̀ náà fi di 18. Àwọn ibojì tí wọ́n ṣí lé ní 100 dáadáa. Lára wọn ni Ibojì 104, tí ìkòkò alére kan jókòó sí ojú ihò tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀dà ya àwòrán àti àmì orúkọ sí ara ògiri rẹ̀ nínú.

Ohun tí Ó Rí Lára Ìkòkò Alére

Láti inú ilẹ̀ yìí ni ìkòkò alére ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ìkòkò tí olè bá wú, tí oníṣòwò sì tà sí òkèèrè, ti pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó jókòó sí tàbí ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí Caso àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú ní àkọsílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ibojì, àwọn kan wà lókè ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn wà nínú ilé òrìṣà níbi tí wọ́n rú ẹbọ sí. Wọ́n mọ̀ pé ère ńlá kan a máa wà láàárín, tí àwọn kékeré a sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé inú púpọ̀ nínú wọn ṣófo. Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún rò pé eérú òkú ni wọ́n ń dà sínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wọn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìkòkò eérú. Orúkọ náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Pẹ̀lú Ignacio Bernal, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Caso tẹ ìwé *Urnas de Oaxaca* jáde ní ọdún 1952. Wọ́n pín àwọn ìkòkò náà sí ẹ̀yà nípa adé wọn, ojú wọn, aṣọ wọn àti àmì ara wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ ni Cocijo, agbára tí ó ni mànàmáná àti òjò. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n nípa ìbòjú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ tí ó là sí méjì bí ti ejò, àti Àmì C tí ó sábà máa ń wà nínú adé rẹ̀. Àwọn mìíràn ni èyí tí ó jẹ mọ́ àgbàdo, tí wọ́n pè ní Pitao Cozobi, èyí tí ó gbé ojú àdán wọ̀, èyí tí ó ní ẹnu ẹyẹ gbígbòòrò, àti obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 13 Ejò. Òrìṣà ni Caso àti Bernal ka gbogbo wọn sí. Ní ọdún 1967, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Jorge Acosta tún tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí gbogbo ohun amọ̀ Monte Albán. Ìpín sáà tí wọ́n ṣe níbẹ̀, láti Sáà I dé Sáà V, ni àwọn awalẹ̀pìtàn Oaxaca fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí Òye Gbà Pín

Ìbéèrè kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò rọrùn láti gbójú fò. Bí orúkọ ọjọ́ bá jẹ́ orúkọ tí ọmọ ènìyàn ń gbé wá sáyé, kí ni ó dé tí ère tí ó ń jẹ́ 13 Ejò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òrìṣà? Kí ni kò jẹ́ kí ó jẹ́ ìyá ńlá ẹnì kan tí ó ti kú?

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé Caso fúnra rẹ̀ ni ó ti ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní ọdún 1949, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwòrán ilẹ̀ Teozacoalco, èyí tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1580, tí ìran àwọn ọba Mixtec sì wà lára rẹ̀. Ó fi àwòrán ilẹ̀ náà wé àwọn ìwé aláwòrán tí àwọn Mixtec fi awọ ẹranko ṣe, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Báyìí ni ó ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní orúkọ ọjọ́ nínú ìwé wọ̀nyẹn jẹ́ ọba, olorì àti ọmọ ọba tí wọ́n gbé ayé rí, kì í ṣe ẹni ìtàn àròsọ. Ó sọ ìwé tí àwọn kan kà sí ìwé ìràwọ̀ àti òrìṣà di ìwé ìtàn. Síbẹ̀, ní ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ìkòkò alére, ojú òrìṣà ni ó ṣì fi wò wọ́n.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1983, tí Caso ti kú ní ọdún mẹ́tàlá ṣáájú, Joyce Marcus, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àlàyé rẹ̀ ni pé orúkọ ọjọ́ jẹ́ orúkọ ènìyàn. Pé inú ibojì ni púpọ̀ nínú àwọn ìkòkò náà wà. Pé àwọn Zapotec sì gbà pé àwọn òkú ọ̀run wọn ń bá wọn bẹ agbára mànàmáná fún òjò. Nítorí náà, baba ńlá àti ìyá ńlá àwọn ìdílé ọlọ́lá ni ó rí nínú púpọ̀ nínú àwọn ère náà. Ìbòjú Cocijo tí ère gbé wọ̀ lè jẹ́ ẹ̀wù agbára tí ẹni náà wọ̀, láìsọ pé òun gan-an ni Cocijo. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gba èyí pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tún kọ̀wé lórí ìkòkò alére kí ó má dáhùn rẹ̀. Orúkọ ọjọ́ àti ipò inú ibojì tí Marcus fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ dìde, inú iṣẹ́ Caso ni wọ́n ti wá.

Àǹfààní kejì tún jáde nínú àkọsílẹ̀ Caso. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn alágbẹ̀dá kan ti ń mọ ayédèrú ìkòkò alére tà fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí ọ̀nà sáyẹ́ǹsì kan dé, èyí tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí amọ̀ sísun ń tú jáde mọ ìgbà tí iná kàn án kẹ́yìn, àṣírí púpọ̀ nínú wọn tú ní àwọn ilé àkójọ ńláńlá. Ìkòkò tí ó jáde láti inú ilẹ̀ Monte Albán lójú àwọn awalẹ̀pìtàn ni ó di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Iṣẹ́ Rẹ̀ Láàárín Àwọn Alààyè

Caso kò fi gbogbo ayé rẹ̀ bá òkú nìkan gbé. Ní ọdún 1939, òun ni olórí àkọ́kọ́ fún àjọ tí Mẹ́síkò dá sílẹ̀ láti máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1944 sí 1945, ó ṣe olórí yunifásítì ìjọba ní Ìlú Mẹ́síkò. Ó ṣe mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Miguel Alemán. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ó darí àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọ onílẹ̀ ìṣáájú.

Ibi yìí ni àríwísí ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Àjọ náà kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ó sì gba àwọn ọ̀dọ́ ọmọ onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó ń fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kí ó tó kan èdè Sípéènì. Ṣùgbọ́n àfojúsùn gbogbo rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ inú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí ń sọ èdè Sípéènì. Àwọn tí ó dìde lẹ́yìn sọ pé afárá ni wọ́n fi èdè abínibí ṣe, wọn kò fi ṣe ilé. Ó ṣòro láti jiyàn pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó ń fi sùúrù ka orúkọ àwọn baba ńlá Zapotec lára amọ̀ ni ó darí ètò tí ó lè mú kí ọmọ wọn gbàgbé èdè tí orúkọ náà ti jáde. Èdè náà kò parẹ́ ṣá. Àwọn tí ń sọ ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn èdè Zapotec lé ní 400,000 títí di òní.

Àgbálọgbábọ̀

Alfonso Caso kú ní Ìlú Mẹ́síkò ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1970, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwé ńlá tí ó kọ lórí àwọn ọba Mixtec jáde.

Kì í ṣe pé kò ṣìṣe ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò fún olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó ṣìṣe, ṣùgbọ́n ó tò ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba débi pé ẹlòmíràn lè fi ẹ̀rí kan náà tún un ṣe. Ó fi lẹ́tà lásán dúró fún ohun tí kò mọ̀. Ó kọ ibi tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan jókòó sí sílẹ̀, kódà nígbà tí kò mọ ohun tí ìjókòó náà yóò wá sọ lọ́jọ́ iwájú. Nítorí èyí ni ó fi ṣeé ṣe lónìí láti dúró níwájú ère amọ̀ kan, kí a ka ìlà méjì àti àmì róbótó mẹ́ta lára rẹ̀, kí a sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ ẹnì kan tí wọ́n bí, tí ó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó di ẹni ìgbàgbé.